Ìbéèrè Tí Ẹnikẹ́ni Kò Bi Obìnrin Etí Odò

Lọ́dún tí ìjà lé wa kúrò lójú omi, ọmọ ogún ọdún ni mí. Èmi àti ìyá mi nìkan ló kù nílé. Òkun ti gbé bàbá mi lọ ní ọdún mẹ́rin ṣáájú, níbi tó ti ń kó àwọ̀n, a kò sì rí òkú rẹ̀ sin. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti wá iṣẹ́ lọ sí ìlú ọ̀nà jíjìn. Abúlé wa kò jìnnà sí ìlú Oríòkè-Ìwàmímọ́ létí òkun: ilé pákó lórí òpó, afárá pákó láti ẹnu ọ̀nà kan sí èkejì, èéfín ẹja láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Àwa àti àwọn aládùúgbò wa tí wọ́n ń sọ èdè mìíràn ni a jọ jà. A ti jọ ń pẹja nínú omi kan náà, a ti jọ ń ná ọjà kan náà, àwọn kan lára wa sì ti fẹ́ ara wọn. Títí di òní, n kò tíì rí ẹni tó lè sọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an fún mi. Wọ́n sun abúlé wa. Àwọn náà ní àwọn èèyàn wa sun tiwọn, n kò sì lè sọ pé irọ́ ni.

Lọ́jọ́ tí ó kàn wá, n kò sí nílé. Mo ti wọkọ̀ lọ sí Igbókòdá láti lọ gba èsì ìdánwò mi. Nígbà tí mo padà dé etí omi láti wọkọ̀ lọ sílé, ọkọ̀ ń wọlé ni, kò sí èyí tó ń jáde. Mo dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, mò ń wo ojú gbogbo ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta ni ìyá mi dé nínú ọkọ̀ àwọn èèyàn tí n kò mọ̀ rí. Ó dì mọ́ mi, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan.

Kì í ṣe pé ó yadi. Bí mo bá ní, "Màmá, ẹ jẹun," á ní, "Mo ti gbọ́." Bí mo bá ní, "Ṣé orí ń fọ́ yín?" á ní, "Rárá." Ìyẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyá mi tó jẹ́ pé tí ó bá ń yan ẹja, ará òdìkejì omi a máa gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀!

Ìbátan bàbá mi kan fún wa ní yàrá kan ní Igbókòdá. Ní ọgbà ilé ìwé tí wọ́n kó àwọn tí ilé wọn jóná jọ sí, akọ̀wé ìjọba kan jókòó sẹ́yìn tábìlì. Ìbéèrè mẹ́rin ló ń bi gbogbo èèyàn: orúkọ, abúlé, ẹ̀yin mélòó, kí ni ẹ pàdánù. Bí ẹnìkan bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, á gbé bírò sókè, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáhùn ohun tí mo bi yín." N kò bá a wí, nítorí àwọn tó tò síwájú rẹ̀ kò lóǹkà. Àwọn aládùúgbò wa tuntun náà ní ìbéèrè tiwọn. "Ìyá, ta lẹ rí? Wọ́n tó mélòó? Irú ìbọn wo ni wọ́n gbé?" Èmi pàápàá bi í bẹ́ẹ̀. Ìyá mi á yí ojú sí ògiri.

Mo rí iṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ọ̀nà etí omi, níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé tí wọ́n sì ń ṣe fọtokọ́pì. Ọ̀gá mi kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Apá Ìbàdàn ló ti wá, iṣẹ́ ìjọba ló kọ́kọ́ gbé e dé, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti ra kọ̀ǹpútà kan àti jẹnẹrétọ̀. Ìyàwó rẹ̀ kọ̀ láti bá a wá nígbà tí ó gbọ́ pé ìbọn ń ró lójú omi. Òun náà ò ní ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn aago mẹ́ta ọ̀sán, tí oníbàárà bá ti dáwọ́ dúró, á fi sídì kan sínú kọ̀ǹpútà, á sì máa ṣe eré.

Eré náà kì í ṣe ti ìjàkadì lásán. Arìnrìn-àjò ni ẹni tó bá ń ṣe é. Á máa tọ odò ńlá kan lọ láti abúlé dé abúlé, á máa bá àwọn èèyàn pàdé. Bí o bá dúró níwájú ẹnìkan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á jáde sójú kọ̀ǹpútà. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á to ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ìwọ lè sọ. O máa yan ọ̀kan, òun náà á sì dá ọ lóhùn. Èyí tí o bá yàn ló máa sọ bóyá ẹni náà á ràn ọ́ lọ́wọ́ tàbí á kọ ẹ̀yìn sí ọ. Ọ̀rọ̀ tó le jù ni ọ̀gá mi máa ń yàn ní gbogbo ìgbà. Kò pẹ́ tí gbogbo ará ilẹ̀ náà fi kórìíra rẹ̀, tí alágbẹ̀dẹ kò tà fún un mọ́, tí atukọ̀ kò sì gbé e.

"Wọn ò mọ ènìyàn gidi," ló sọ fún mi.

"Ọ̀gá, ẹ ò kí wọn rí," mo dá a lóhùn. "Bí ẹ bá débẹ̀ ni ẹ ń béèrè nǹkan."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì dìde. "Wá jókòó, ìwọ tó mọ èèyàn kí."

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìwé atúmọ̀ èdè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nítorí Gẹ̀ẹ́sì tó wà níbẹ̀ jinlẹ̀ ju tèmi lọ. Lójoojúmọ́, fún wákàtí kan àtààbọ̀, mo ní ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe èèyàn. Síbẹ̀, mo máa ń yára parí iṣẹ́ mi kí n lè padà sọ́dọ̀ wọn. Nílé, mò ń dáná fún ìyá mi, a máa jẹun, àwo nìkan ni yóò sì máa dún láàrin wa.

Ní abúlé kẹta nínú eré náà ni mo ti bá obìnrin etí odò pàdé. Àwọn olè ti sun ilé rẹ̀. Ó jókòó sórí ilẹ̀, eérú wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí mo dúró níwájú rẹ̀, ó ní, "Wọ́n ti sun gbogbo rẹ̀. N kò mọ ibi tí n ó lọ." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló jáde lábẹ́ rẹ̀ fún mi láti yàn. Ta ló ṣe é? Ọ̀nà wo ni wọ́n gbà? Kí lo máa fún mi tí mo bá mú wọn? Mo ń lọ.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo wá èyí tí mo fẹ́ sọ, n kò rí i. Mo yan "Mo ń lọ," mo sì pa kọ̀ǹpútà.

Lọ́jọ́ kejì, mo padà tọ̀ ọ́ lọ. Mo béèrè ọ̀nà tí wọ́n gbà, mo lépa àwọn olè náà, mo sì borí wọn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí mo padà, obìnrin náà dúpẹ́, ó fún mi ní òrùka. Mo tún dúró níwájú rẹ̀ láti wò ó bóyá ó ní nǹkan mìíràn láti sọ. "Wọ́n ti sun gbogbo rẹ̀. N kò mọ ibi tí n ó lọ." Bí ẹni tí kò rí mi rí! Mo bú sẹ́kún lórí àga ọ̀gá mi.

Ẹ̀rù bà á. "Kí ló dé?"

"Ọ̀gá, wọn ò fi 'Ẹ pẹ̀lẹ́' sí i. Ilé obìnrin jóná, ohun tí wọ́n ní kí n bi í ni ohun tó máa fún mi."

"Inú kọ̀ǹpútà ló wà. Kò sí níbì kankan."

"Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu wà níbì kan."

Ó wò mí, ó fa páálí tí eré náà bá wá jáde lábẹ́ tábìlì, ó sì nà án sí mi. Lẹ́yìn páálí náà ni wọ́n kọ àdírẹ́sì àwọn tó ṣe é sí, ní ìlú kan lókè òkun. Abẹ́ àdírẹ́sì náà ni wọ́n ti kọ ọ́ pé kí ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ nípa eré náà kọ̀wé sí àwọn.

Ọjọ́ méjì ni mo fi kọ lẹ́tà náà. Mo sọ pé mo gbádùn odò wọn, pé ẹni tó ya ọkọ̀ inú rẹ̀ kò tíì wa ọkọ̀ rí, nítorí ó gbé ọwọ́ tí atukọ̀ fi ń di àjẹ̀ mú sódì. Mo sọ pé kò sí ibì kan tí arìnrìn-àjò ti lè kí èèyàn kó tó béèrè nǹkan. Mo sọ pé obìnrin etí odò kì í rántí ẹni tó ràn án lọ́wọ́. Mo wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan tí a ní, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Bí Òyìnbó bá ní "sọ́rì," ó dà bí ẹni pé òun ló jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n "pẹ̀lẹ́" kò ní í ṣe pẹ̀lú ẹ̀bi. Bí ènìyàn bá fẹsẹ̀ kọ, à ń kí i pẹ̀lẹ́. Bí ilé rẹ̀ bá jó, à ń kí i pẹ̀lẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé, mo rí ọ. Ní ìparí, mo kọ ọ́ pé ilé tiwa náà jóná.

Ọ̀gá mi kà á. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. "N ó fi í ránṣẹ́ tí mo bá lọ sí Àkúrẹ́," ló sọ. Àdírẹ́sì àpótí ìfìwéránṣẹ́ tirẹ̀ ni a fi sórí lẹ́tà náà.

Oṣù ń gorí oṣù. Ṣọ́jà wà ní etí omi, ọkọ̀ díẹ̀ ló ń lọ sí Ayétòrò létí òkun, wọ́n á sì tú ẹrù gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́. Edé wọ́n lọ́jà. Mò ń tẹ lẹ́tà fún àwọn tó ń wá ará wọn: "Ọmọkùnrin, ó pupa, àpá wà ní apá òsì rẹ̀." Mo ti tẹ irú rẹ̀ débi pé ọwọ́ mi ń tẹ̀ ẹ́ kí ẹnu wọn tó parí ọ̀rọ̀. N kò bi ẹnikẹ́ni nínú wọn ní nǹkan kan. Ohun tó kàn mí ni bí a ṣe ń kọ orúkọ.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá mi ti Àkúrẹ́ dé, ó na lẹ́tà kan sí mi. Obìnrin kan ló kọ ọ́. "Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ sí ẹnu ẹni tí o sọ," ló wí. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti kọ̀wé sí àwọn pé idà kò mú tó, pé ọ̀nà kan ṣòro jù, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tó bá òun sọ̀rọ̀ obìnrin yẹn. Ó ní ìtìjú mú òun, pé kíákíá ni òun kọ ọ́, ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òun ń kánjú. Wọ́n ń ṣe sídì mìíràn láti tún àṣìṣe inú eré náà ṣe. Ó wá béèrè lọ́wọ́ mi: "Kí ló yẹ kí arìnrìn-àjò bi í?"

Inú mi kọ́kọ́ dùn. Nígbà tí mo gbé bírò, n kò rí nǹkan kan kọ. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Èmi tí mo bínú nítorí pé wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa bi obìnrin, èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Ó sì lé ní oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń bá obìnrin tí ilé rẹ̀ jóná gbé inú yàrá kan.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, ìyá mi jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń họ ìpẹ́ ẹja. Mo lọ jókòó tì í, mo gbé ọ̀bẹ kejì. A họ ẹja mẹ́ta, mẹ́rin. Mo wá sọ pé, "Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́."

Ó ní, "Ẹn."

"Kí lẹ gbé jáde?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Mo rò pé yóò tún yí ojú sí ògiri.

"Ìdérí," ló wí.

"Ìdérí kí ni?"

"Ìdérí ìkòkò. Mo ń se ọbẹ̀. Mo ní kí n tọ́ iyọ̀ rẹ̀ wò, mo ṣí i, bí mo ṣe gbọ́ ariwo nìyẹn. Mo bá sáré. N kò mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ mi, àfi ìgbà tí a dé àárín omi. Mo gbá a mọ́ àyà bí ẹni tó gbé ọmọ jòjòló." Ó mi orí. "Ọkọ̀ náà ń jò. Ẹnìkan pariwo mọ́ mi pé, 'Ìyá, ẹ fi nǹkan ọwọ́ yín gbọ́n omi!' Mo bá ń fi ìdérí gbọ́n omi. Ìdérí, ọma mi! Omi mélòó ni ìdérí lè gbọ́n?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ gan-an ni, tí mo ti gbàgbé bó ṣe ń dún. Àárín ẹ̀rín náà ni ẹkún ti bẹ̀rẹ̀.

"Fọ́tò bàbá rẹ wà lára ògiri," ló sọ, "níbi tí mo dúró sí gan-an. Bí mo bá na ọwọ́ báyìí, ọwọ́ mi á kàn án. Kò ní sàréè, kò ní nǹkan kan láyé yìí ju fọ́tò yẹn lọ. Ìdérí ni mo gbé."

Mo rọra gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. A jókòó síbẹ̀ títí eṣinṣin fi bo ẹja wa, tí ìbátan bàbá mi tó ni ilé fi jáde wá wò wá, tó sì tún padà wọlé.

Nígbà tó yá, mo sọ fún un nípa eré, nípa obìnrin etí odò, nípa lẹ́tà. Mo béèrè bóyá mo lè sọ ohun tó sọ fún mi. Ó ro ó. "Sọ ti ìdérí fún un," ló wí. "Má sọ ti fọ́tò." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́.

Sídì tuntun náà dé lọ́dún kejì, nínú àpò lẹ́tà tí òjò ti rẹ. Èmi àti ọ̀gá mi ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, a sì tọ odò náà lọ sí abúlé kẹta. Obìnrin náà sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nǹkan tí mo rí lábẹ́ rẹ̀ mú kí n dìde dúró: "Pele," láìsí àmì, láàrin Gẹ̀ẹ́sì. Mo yàn án. Ìbéèrè mìíràn jáde: Kí lo gbé jáde? Mo yàn án. Ó ní, "Ìdérí ìkòkò. Mo ń se ọbẹ̀ lọ́wọ́." Lẹ́yìn náà, mo lè yàn láti jókòó tì í láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí mo lọ tí mo sì padà, ó ní, "Ìwọ nìyẹn. O ti padà."

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó tì í tán, agogo kan dún, wọ́n fún arìnrìn-àjò ní àmì ẹ̀yẹ mẹ́wàá. Ọ̀gá mi pàtẹ́wọ́. Inú mi kò dùn sí i. Ó dà bí ẹni pé wọ́n sanwó fún mi nítorí pé mo kí èèyàn.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo mú ìyá mi wá. Ó jókòó sórí àga ọ̀gá mi, ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ra bí ẹni tó wà ní ọ́fíìsì ìjọba. Mò ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un. Nígbà tó dé ibi ìdérí, ó wò mí, kò rẹ́rìn-ín, kò sunkún. Ó tẹjú mọ́ obìnrin náà fún ìgbà pípẹ́.

"Ṣé ó rí ibi sùn?"

"N kò mọ̀, Màmá. Wọn ò ṣe é dé ibẹ̀."

"Kọ ọ́ sí wọn."

Mo kọ ọ́. Mo ní kí wọ́n yọ àmì ẹ̀yẹ mẹ́wàá náà, kí wọ́n sì wá ibi tí obìnrin náà máa sùn. Ọ̀gá mi fi í ránṣẹ́ láti Àkúrẹ́. Èsì kò dé. Mo tún kọ òmíràn. Ìyẹn náà kò ní èsì. Bóyá ilé iṣẹ́ wọn ti kógbá sílé, bóyá obìnrin náà ti kúrò níbẹ̀, n kò mọ̀. Ó kọ̀wé sí mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, n kò sì rí ojú rẹ̀ rí. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí mi, òun ni mo máa ń fẹ́ sọ ọ́ fún.

Nígbà tó yá, àwọn àgbààgbà ìhà méjèèjì jókòó pọ̀, ìbọn dákẹ́. Ìyá mi ní òun ń padà sí abúlé, pé òun kò lè sùn níbi tí omi kò sí lábẹ́ ilé. Mo ní kó dúró tì mí. Ó ní, "Ìwọ ni kó o bá mi lọ." Àwa méjèèjì mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa gbà fún èkejì. Mo sìn ín dé etí omi ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ìkùukùu wà. Ó wọ ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin mẹ́fà mìíràn, wọ́n sì ti ń sọ̀rọ̀ sókè, òun náà ń dá sí i, kí ẹ́ńjìnnì tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mo dúró títí ọkọ̀ fi yà sẹ́yìn igbó.

Nígbà tí mo padà dé ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin kan ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ́ kí n bá òun tẹ lẹ́tà láti fi wá àbúrò òun. Mo fún un ní àga. Mo ní kó kọ́kọ́ sinmi, pé a máa tẹ̀ ẹ́ tó bá yá.